Erékùṣù Kékeré Tí Kòkó Rẹ̀ Níyì Lọ́jà

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ohun tí ẹni tí oko rẹ̀ kò tóbi lè ṣe kí ọjà rẹ̀ lè níyì. Orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Erékùṣù méjì ni, inú òkun níwájú Gabon ni wọ́n wà. Ọdún 1822 ni àwọn Potogí gbé kòkó láti Bràsíìlì wá sí Príncipe. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1900, wọ́n ti wà lára àwọn tó ń ta kòkó jùlọ láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmúṣe ni wọ́n fi ń mú àwọn òṣìṣẹ́ oko. Lẹ́yìn òmìnira ní 1975, ìjọba gba àwọn oko ńlá náà, kòkó sì dínkù gan-an. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké.

Kí ni irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Kòkó tí Côte d'Ivoire ń kó lọ́dún lè ju mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ. Ti São Tomé kò ju ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ ojú omi sì wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ta ọ̀pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, gbèsè ni wọn yóò jẹ. Wọ́n wá pinnu pé bí kòkó àwọn bá tilẹ̀ kéré, yóò dára. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe:

1. Wọn kò lo kẹ́míkà sí oko náà, àwọn olùyẹ̀wò sì ń wá wò ó.

2. Àgbẹ̀ ń ta kòkó ní tútù fún ẹgbẹ́ abúlé rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń bò ó sínú àpótí igi kí ó kan, tí ó sì ń sá a. Nítorí náà, gbogbo àpò jọra.

3. Àwọn ẹgbẹ́ abúlé parapọ̀ di CECAB, wọ́n sì bá Kaoka, ilé-iṣẹ́ aṣe-ṣokoléètì ní Faransé, ṣe àdéhùn iye owó tó ju ti ọjà lásán lọ.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé Kòkó Bọ́ọ̀dù ní 1986, àyẹ̀wò kòkó kò le bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn kan ń bo kòkó ní ọjọ́ méjì péré, wọ́n sì ń sá a sórí ọ̀dà títì. Ní 2024, owó kòkó ga kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní 2025, ó tún já wálẹ̀ gidigidi. Bí kòkó bá wọ́n, oníbàárà á gba ohun tó bá rí. Bí ó bá pọ̀, ṣíṣà ni yóò máa ṣà. Ọjọ́ yẹn ni kòkó tó dára ń gba olówó rẹ̀.

Nítorí náà, èso tó pọ́n nìkan ni kí ẹ ká. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ sì máa yí i ní ọjọ́ méjì-méjì. Orí ẹní tí a gbé sókè ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe etí títì. Ẹ la hóró díẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí àlùkò, kò tíì kan tó.

Ẹ má ṣe torí ọ̀rọ̀ São Tomé dá oògùn dúró nígbà òjò o, àrùn dúdú yóò jẹ èso yín tán. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò san owó kòkó tí kò ní kẹ́míkà.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa ra kòkó tútù gbọ́dọ̀ ní owó lọ́wọ́ láti san lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé kò ní dúró. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ni yóò gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ dáwó jọ, kí ẹ ra òṣùwọ̀n tó péye, kí ìwé àkọsílẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo yín ti lè rí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A ó kórè délé o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.