Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ibi ìyafọ́tò lásán ni Òkè Ìdànrè?

Ẹ̀yin tó ń dáwó ọkọ̀ ní Ọ̀yìngbò láti lọ gun òkè Ìdànrè, ẹ dúró ná.

1. Ìlú ni òkè yẹn. Orí rẹ̀ làwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọdún 1923 tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀. Bí àlejò bá wọ yàrá bàbá yín, tó ń ya fọ́tò láìkí ẹnikẹ́ni, ṣé ẹ óò rẹ́rìn-ín?

2. Wọ́n ń bọ òrìṣà Orósùn níbẹ̀ lóṣù karùn-ún. Nítorí náà, ẹ bi afinimọ̀nà léèrè kẹ́ ẹ tó débi kíbi.

3. Ẹ má kọ orúkọ sára àpáta, ẹ jọ̀ọ́! Láti 2007 ni òkè náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ.