Gbúre, Ẹ̀fọ́ tí A Kò Kà Sí

Bí a bá ń ka àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa, tẹ̀tẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣọkọ a sì tẹ̀lé e. Gbúre ni a máa ń gbàgbé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, tí a kò fi owó rà, kì í níyì lójú ènìyàn. Síbẹ̀ ó tọ́ sí ọgbà wa, bí a bá mọ bí a ti í gbìn ín àti bí a ti í sè é.

Ewé gbúre nípọn díẹ̀, ó sì ń dán. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kóró rẹ̀ dúdú, wọ́n sì rí wẹẹrẹ. Bí a bá pín ìwọ̀n ewé tútù rẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 90 ni ó jẹ́ omi. Abájọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Ẹ́fíìkì fi ń pè é ní ewé omi ní èdè wọn.

Láti gbìn ín, kí a má ṣe da ọ̀pá rẹ̀ nù lẹ́yìn tí a bá já ewé tán. Kí a gé e ní ínṣì 4 sí 6, kí a ti ìdajì rẹ̀ bọ inú ebè tí a ti po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà mọ́, kí a sì máa bomi rin ín. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ 4, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Kí a má ṣe fà á tu. Bí a bá fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún rú.

Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tí ó fi ń fara da ọ̀dá. Ihò tíntìntín wà lára ewé tí ó fi ń mí, ibẹ̀ sì ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, gbúre a pa á dé lọ́sàn-án, a sì ṣí i lóru nígbà tí oòrùn kò sí.

Ibi ìdáná ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí a fọ ewé náà kí a tó rẹ́ ẹ, kí a má sì ṣe bu omi kún ọbẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ tó. Àwọn Ẹ́fíìkì mọ èyí dáadáa: wọ́n ń fi gbúre se ọbẹ̀ pẹ̀lú afang, ewé líle kan, omi gbúre a sì mú un rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà níbẹ̀ tí ó ní ojú méjì. Ásíìdì kan tí ń jẹ́ oxalic wà nínú gbúre, kò sì dára fún ẹni tí ó ní òkúta nínú kíndìnrín. Bí a bá bọ̀ ọ́, tí a sì fún omi rẹ̀ nù, ásíìdì náà a dín kù. Ṣùgbọ́n fítámì C a bá omi náà lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ara rẹ̀ le má ṣe da gbogbo omi náà nù; kí ẹni tí ó ní àìsàn yìí sì gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ará, bí a bá rán wa lọ kọ́ni ní abúlé tí ọjà jìnnà sí, ebè gbúre kan lẹ́yìn ilé yóò jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Ẹ fi ọ̀pá kan sínú ìgò omi lórí tábìlì, kí àwọn ọmọ máa ka gbòǹgbò rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko, wọn kò sì ní kẹ́gàn ohun rere tí Ọlọ́run fi sí ẹ̀yìnkùlé wọn.