Ẹ Ka Owó, Ẹ Ka Ọdún, Kí Ẹ Tó Rán Ọmọ Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà Iná

Ọ̀rẹ́ wa kan, tí í ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín, wá bá wa láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti yege nínú ìdánwò, ó sì fẹ́ di ẹnjiníà iná mànàmáná. Yunifásítì Elizade wà ní ìlú wọn gan-an, èyí tí ọmọ bíbí ìlú náà, Olóyè Michael Adé Òjó, tí a mọ̀ mọ ọjà ọkọ̀ Toyota, dá sílẹ̀, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní ọdún 2012. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, wà ní Àkúrẹ́ nítòsí wọn. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé kí n ta ilẹ̀ bàbá mi nítorí ìwé ẹ̀rí yìí? Ṣé yóò lè bọ́ ọmọ náà?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Owó ni a ó kọ́kọ́ kà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, ti ibùgbé àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òbí ń san. Ní ti aládàáni, òbí ni ó ń ru gbogbo ẹrù náà. Bí olùkọ́ kan bá ń fi ₦30,000 pamọ́ lóṣooṣù, ₦360,000 ni yóò jẹ́ lọ́dún, ₦1,800,000 ni yóò sì jẹ́ ní ọdún 5 tí ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Kí ó gbé iye yìí ka iwájú, kí ó sì fi wé ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti ọdún 2024, àjọ NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé, ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà ní ọdún 2 lẹ́yìn tí ó bá ṣe agùnbánirọ̀ tán, bí ó bá ti rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó náà wà fún.

Kì í ṣe owó nìkan ni òbí ń ná. Ọdún pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kejìlá ọdún 2020 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Ní ọdún 2022, wọ́n tún yàn án lódì fún oṣù 8, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ọmọ tí méjèèjì bá lẹ́nu ẹ̀kọ́ pàdánù ju ọdún kan lọ. Àwọn yunifásítì aládàáni kò sí nínú ìyanṣẹ́lódì náà. Nítorí náà, ẹni tí ó san owó ńlá fi owó ra ọdún. Ẹni tí ó san owó kékeré lè fi ọdún san ìyókù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Pólì Rufus Giwa wà ní Ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tètè fọwọ́ kan iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ pé àjọ COREN, tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, kì í fi oníwèé ẹ̀rí pólì sí ipò kan náà pẹ̀lú ẹnjiníà tí ó gba oyè yunifásítì.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tí ń rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́ dé ₦225 fún kílówáàtì kan láàárín wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-iṣẹ́ sì yíjú sí iná oòrùn. Ilé-iṣẹ́ apèsè iná ńlá wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ní apá Òkìtìpupa wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin iná ti ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti darí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀. Ibi tí òkùnkùn bá wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹnjiníà wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í wá ìwé ẹ̀rí lọ sílé. Ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó ń wá.

Nítorí èyí, kí òbí tó san kọ́bọ̀, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Ǹjẹ́ COREN fọwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní ibi ìdánrawò wọn ń ṣiṣẹ́? Níbo ni ọmọ yóò ti lo oṣù 6 tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ níta? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi oṣù wọ̀nyí tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ra omi fún ọ̀gá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a kò dá ẹrù náà dá bàbá ọmọ. Ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò lónìí, ẹ bi í léèrè ẹ̀rọ tí yóò rà sí ibi ìdánrawò àwọn ọmọ wa.

Èsì wa fún ọ̀rẹ́ wa nìyí: bí owó Elizade bá wà láìta ilẹ̀, kí ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó má baà fi ọdún ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ pé títa ilẹ̀ nìkan ni ọ̀nà, kí ó má tà á. Kí ọmọ gba Àkúrẹ́ lọ, kí ó tọrọ ẹ̀yáwó, kí ó sì máa lo gbogbo ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún dé, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dilẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ta oko rẹ̀ ra àáké.