Táyà Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́ Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí táyà ọkọ̀ tí ń kó kòkó yín bá jẹ tán, ẹ má ṣe rò pé èyí tí ó tóbi jù ni ó dára jù.

Lóòótọ́, táyà gíga a máa gbé abẹ́ ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí táyà ti ń ga sí i ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú ń dínkù. Bí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè, jíà kékeré ni yóò máa lò, epo yóò sì máa jó. Bí táyà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí aago eré bá tọ́ka sí kìlómítà 60, 66 ni ọkọ̀ ń sá.

Táyà tí ó wúwo ṣòro láti mú yí, ó sì ṣòro láti dá dúró. Bíréèkì yóò tètè gbóná. Ẹ̀mí awakọ̀ sì wà nínú ewu.

Táyà ńlá kì í fi kún ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Bí àpò kòkó kan bá wọn kílò 62.5, àpò 16 ti pé tọ́ọ̀nù kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra táyà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀: níbẹ̀ ni a máa ń kọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ tí ó yẹ sí. Ìwọ̀n náà ni kí ẹ rà.