Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Kan Adìyẹ

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt, a gbọ́ pé inú àwọn òbí kan kì í dùn bí ọmọ tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì bá ní òun fẹ́ lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Ìgbẹ́ tó bá rin máa ń tú òórùn tó ń ta adìyẹ lójú. Fóònù ò lè gbọ́ òórùn yẹn.

Ẹ wo òròmọdìyẹ. Ìwé ní ooru ìwọ̀n 32 sí 35 Celsius ló yẹ wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á kóra jọ sábẹ́ iná. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á sá jìnnà, wọ́n á yanu sílẹ̀. Ẹni tó dúró tì wọ́n ló máa tètè rí i, kí wọ́n tó kú.

Fóònù náà níṣẹ́ tiẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ la lè fi yẹ ẹyin wò nínú òkùnkùn ní ọjọ́ keje nínú 21 tí adìyẹ fi ń sàba: bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá hàn, ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ tún lè máa fi kọ iye oúnjẹ àti ẹyin sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí iye náà bá ṣàdédé já wálẹ̀, ẹ tètè pe dókítà ẹran.

Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe báyìí ni Godfrey Nzamujo torí ẹ̀ dá Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1985. Ìjọba Rivers fi í ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n dá oko Bunu sílẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tai.

Ẹni tó bá ń sin adìyẹ nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ wa lásìkò ọlidé.