Ìbò Gómìnà Texas Ọdún 1859: Sam Houston Láìní Ẹgbẹ́

Sam Houston, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Houston, fìdí rẹmi nínú ìbò gómìnà Texas lọ́dún 1857. Hardin Runnels, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ni ó borí rẹ̀. Houston ti ta ko ẹgbẹ́ náà lórí òfin Kansas-Nebraska ọdún 1854. Ẹgbẹ́ Whig ti fọ́, ẹgbẹ́ Know-Nothing tí ó sún mọ́ sì ti ń kú lọ.

Lọ́dún 1859, ó padà wá láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ ìpolongo kan ṣoṣo ni ó sọ, ní Nacogdoches, síbẹ̀ ó ní ìbò tí ó ju 36,000 lọ. Inú ń bí àwọn ará ààlà pé Runnels kò dáàbò bò wọ́n. Àwọn kan lẹ́yìn Runnels sì fẹ́ kí a tún ṣí òwò ẹrú láti Áfíríkà, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ti kà léèwọ̀ láti 1808. (Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní 1860, kí òǹkàwé ro irú ọjà tí ì bá tibẹ̀ yọ.)

Ìṣọ̀kan Amẹ́ríkà ni Houston dì mú, kì í ṣe òmìnira ẹrú: òun pàápàá ní ẹrú. Ẹrú tí ó ju 180,000 lọ ni ìkànìyàn 1860 rí ní Texas. Kò sí èyí tí ó dìbò nínú wọn. Ní oṣù Kẹta 1861, Houston kọ̀ láti búra fún ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó yapa, wọ́n sì yọ ọ́ nípò.