Bí Iná Ṣe Ń Gba Àṣẹ Nínú Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀, àti Ohun Tí Ó Kan Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe ilẹ̀ tí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń gba inú òkè kọjá. Àwọn àpáta ńlá bí Àsàbàrí ní Ṣakí àti Òkè Àdó ní Àdó-Àwáyè dá dúró lórí ọ̀dàn tí ó tẹ́jú, nítorí náà ẹni tí ó ń la ọ̀nà kò rí ìdí tí yóò fi dá wọn lu nígbà tí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Síbẹ̀, ìmọ̀ tí a fi ń darí iná nínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan agbègbè náà, nítorí ó fi hàn pé iná ojú ọ̀nà kò tíì pé bí kò bá lè gba àṣẹ kí ó sì jábọ̀.

Ọ̀sán ni ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ nílò iná jù, kì í ṣe òru. Awakọ̀ tí ó ti inú oòrùn bọ̀ yóò rí ẹnu ọ̀nà náà bí ihò dúdú, nítorí pé òkùnkùn kì í tètè mọ́ ojú lára, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà kejìdínláàádọ́rùn-ún ti CIE, àjọ àgbáyé lórí ìmọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2004, fi sọ pé kí iná ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ó sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé lọ. Lóru, nígbà tí ìta náà ti ṣókùnkùn, a ó dín in kù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ odò Thames, yálà ti Blackwall, tí ihò rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí ní 1897, tàbí ti Silvertown, tí ó ṣí ní oṣù kẹrin 2025.

Níwọ̀n bí ìkuukùu ti lè bo oòrùn kí ó sì tún ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ṣeé ṣe kí ènìyàn máa fọwọ́ yí iná náà. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ sórí òpó níta, ní ọ̀gangan ibi tí awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréékì bí nǹkan bá dí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà náà kí ohun tí ó ń rí lè bá ti awakọ̀ mu. Ó ń fi iye tí ó wọ̀n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì pàṣẹ fún àwọn iná.

Ọ̀nà tí àṣẹ náà ń gbà ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n ń lò ni DALI, tí ìlànà àgbáyé IEC 62386 ṣàlàyé. Wáyà méjì péré ni ó nílò. Iná orí ìlà kan kò gbọdọ̀ ju 64 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti 0 dé 63, tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lè bá iná nọ́ńbà 17 nìkan sọ̀rọ̀, kí ó bi í bóyá ó ń tàn, kí iná náà sì dáhùn. Ìlà náà kì í gùn ju 300 mítà lọ, nítorí náà ọ̀nà tí ó gùn nílò ìlà púpọ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi okùn gíláàsì tín-ín-rín so pọ̀, èyí tí ìròyìn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ta okùn náà yípo bí òrùka, ìròyìn yóò gba apá kejì nígbà tí ó bá já níbì kan.

Èyí tí ó dára jù nínú ètò náà ni ohun tí iná ń ṣe nígbà tí kò bá gbọ́ ohùn kankan mọ́. Iná DALI tí ìlà ìròyìn rẹ̀ já kì í kú: ìwọ̀n tí wọ́n ti yàn fún un tẹ́lẹ̀ ni yóò lọ bá, bí wọn kò bá sì yan nǹkan kan, yóò tàn dé òpin agbára rẹ̀. Owó iná tí èyí ń jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tí òkùnkùn òjijì lè gbà. Lẹ́yìn tí iná jó nínú ọ̀nà abẹ́ òkè Mont Blanc, láàárín Faransé àti Ítálì, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1999, tí ènìyàn 39 sì kú, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin ní 2004 pé iná tí yóò tọ́ àwọn tí ń fẹsẹ̀ sá jáde sọ́nà kò gbọdọ̀ ga ju mítà kan àbọ̀ lọ, nítorí pé òkè ni èéfín ń lọ.

Ní Òkè-Ògùn, òru ni ìṣòro wà. Iná sólà tí ó wà ní ọjà àti oríta ń dá ṣiṣẹ́, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ ń bo pánẹ́ẹ̀lì náà, bátìrì kò ní kún, iná á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí bátìrì bá wá bàjẹ́ pátápátá, òpó náà kò lè jábọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò nìkan ni yóò mọ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an kí òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹ̀rọ rédíò kékeré irú LoRa, tí kì í jẹ iná púpọ̀, lè fi ìròyìn bátìrì ránṣẹ́ sí ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà mélòó kan lórí ilẹ̀ gbalasa, ọ̀dàn sì bá a mu ju igbó kìjikìji lọ. Ẹ̀rọ agbọ́ròyìn kan tí wọ́n bá gbé sí ibi gíga lè máa gbọ́ ọ̀pọ̀ òpó nínú ìlú, kí ó sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ta ọ́fíìsì lólobó.

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn àti Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí tó tún fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ iná mìíràn, ó yẹ kí wọ́n béèrè bí òpó kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa jábọ̀, ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ, àti ibi tí owó bátìrì tuntun yóò ti wá.